Dìmẹ́ńṣíà Lewy body: kí ni àmì tó kọ́kọ́ yọ lè sọ nípa ọjọ́ iwájú?

Bí dókítà bá ti dárúkọ dìmẹ́ńṣíà Lewy body, àrùn ọpọlọ tó ń ba ìrònú jẹ́, tán, ìbéèrè kan wà tí ẹbí kì í bi í lójú aláìsàn. Wọ́n á dúró kí aláìsàn jáde síta ná, kí ẹnì kan nínú wọn tó rọra pa dà wọlé: "Dókítà, ọdún mélòó ló kù?" Bí dókítà bá ń lọ́ra láti dáhùn, wọ́n á fi ti ara wọn kún un: "Ohun tí kò sí ló kọ́kọ́ ń rí o, kò tíì máa gbàgbé nǹkan nígbà yẹn. Ṣé ìyẹn ló burú jù, àbí òun ló sàn?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni ìdáhùn tí wọ́n ń ṣà jọ látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbì kan, ọdún 4. Níbòmíràn, ọdún 8. Ẹlòmíràn á ní ẹnì kan lo 20. Kò sì sí irọ́ nínú ọ̀kankan. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tí mo fẹ́ já sí bẹ̀rẹ̀: nínú àrùn yìí, àmì tó kọ́kọ́ yọ máa ń sọ ọ̀nà tí àrùn náà yóò gbà ju bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó lọ. Àwọn àmì díẹ̀ wà tó ń sọ nípa gígùn ọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dẹ́rù ba ẹbí jù kọ́ ni. Àwọn tí ẹbí kì í rántí sọ fún dókítà ni.

Kí ló ń jẹ́ Lewy body?

Ní 1912, dókítà ará Jámánì kan, Fritz Lewy, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí Alois Alzheimer ní Munich, kọ̀wé nípa àwọn kóró róbótó kéékèèké tó rí nínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ara gan tàbí gbọ̀n, kí wọ́n tó kú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe kóró náà títí dòní. Ó pẹ́ gan-an tí àwọn dókítà fi rò pé ìdí ọpọlọ, níbi tó ń darí bí a ṣe ń rìn, nìkan ni kóró yìí ń gbé. Ní 1976, Kenji Kosaka ní Jàpáànì ròyìn aláìsàn kan tí iyè rẹ̀ ti ra, tí kóró yìí sì fọ́n ká sí èèpo ọpọlọ rẹ̀, níbi tí à ń fi í ronú. Ó di 1997 kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú kóró náà: pùrótéènì kan tó ń jẹ́ alpha-synuclein. Gbogbo wa la ní in lọ́pọlọ, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń ránṣẹ́ síra wọn. Nínú àrùn yìí, ó ń lọ́ pọ̀, ó sì ń dì.

Ibi tó bá kọ́kọ́ dì sí ló sábà máa ń pinnu àmì tí a ó kọ́kọ́ rí. Bó bá jẹ́ ibi tí imú ti ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ, òórùn ò ní máa ta ènìyàn nímú mọ́. Bó bá jẹ́ àwọn iṣan tó ń darí ìfun, ìtọ̀ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ á máa le, òòyì á máa kọ́ni béèyàn bá dìde. Bó bá jẹ́ ìdí ọpọlọ, oorun á bàjẹ́. Bó bá dé èèpo ọpọlọ, ìrònú àti ohun tí ojú ń rí á dàrú. Àrùn kan náà ni, ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé ló yàtọ̀.

Ohun tó fà á nìyẹn tí orúkọ fi pọ̀. Bí ìrònú bá dàrú kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gan tàbí kó máa gbọ̀n, tàbí tí méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1 síra wọn, dìmẹ́ńṣíà Lewy body gan-an ni wọ́n ń pè é. Bó bá jẹ́ pé àrùn Parkinson ti wà lára fún ju ọdún 1 lọ kí ìrònú tó bàjẹ́, wọ́n á pè é ní dìmẹ́ńṣíà ti Parkinson. Abẹ́ agboorùn Lewy body ni méjèèjì wà. Ọdún 1 yẹn, àdéhùn àwọn dókítà ni. Kò sí ẹni tó rí ààlà yẹn nínú ọpọlọ rí.

Àwọn àmì tó ń dá orúkọ mọ̀

Mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí nínú ìlànà tí wọ́n tún ṣe ní 2017: ìrònú tó ń lọ sókè sódò, rírí ohun tí kò sí, fífi ara ṣe àlá lójú oorun, àti ara tó ń ṣe bíi ti ẹni tó ní Parkinson. Bí ẹni tí dìmẹ́ńṣíà ń ṣe bá ní méjì nínú wọn, ó ṣeé ṣe gan-an pé Lewy body ni.

Ẹ jẹ́ ká wo oorun ná, torí òun ló sábà máa ń ṣáájú. Béèyàn bá ń lálàá, ọpọlọ máa ń so iṣan ara mọ́lẹ̀. Ẹ lè máa sáré ẹ̀mí lójú àlá, kí ẹsẹ̀ má mira rárá lórí ibùsùn. Nínú àìsàn yìí, ìdè yẹn ti tú. Ní ìdájí, bàbá tó ń sùn jẹ́jẹ́ á ké "Ẹ mú un!", á ju ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ á ba ògiri, tàbí kó ba ìyàwó tó sùn tì í. Bí ìyàwó bá jí i, ojú rẹ̀ á là kedere, kì í ṣe bí ẹni tí nǹkan rú lójú, á sì ro àlá náà látòkè délẹ̀: olè ni òun ń bá jà. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ létí àwọn ọmọ. Ó lè tó ọdún 10, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ohun mìíràn tó yọjú.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 tẹ̀ lé ènìyàn 1,280 láti ibùdó ìwádìí 24, àwọn tí àyẹ̀wò oorun ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé irú oorun yìí ni wọ́n ń sùn. Nǹkan bí 73 nínú 100 ni wọ́n ṣírò pé yóò ti ní Parkinson, dìmẹ́ńṣíà Lewy body, tàbí ìbátan wọn kan, láàárín ọdún 12. Ẹ kíyè sí ohun tí ìwádìí yẹn sọ àti èyí tí kò sọ. Ó sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Kò sọ pé bí oorun bá ti bàjẹ́ báyìí, ikú ti súnmọ́. Àní, àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà oorun wọlé sábà máa ń jẹ́ àwọn tí àrùn Alzheimer, irú dìmẹ́ńṣíà tó wọ́pọ̀ jù, kò fi bẹ́ẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ṣe pàtàkì, a ó pa dà síbẹ̀. (Sísọ̀rọ̀ lójú oorun lásán kò tó àmì o. Àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan náà sì lè fa irú oorun yìí, torí náà dókítà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò.)

Rírí ohun tí kò sí ló ń lé ẹbí sókè jù. Ìyá kan á ní, "Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ti tún dé," á sì na ọwọ́ sí àga tó ṣófo. Á sọ àwọ̀ aṣọ tí wọ́n wọ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀, wọ́n kàn jókòó ni. Ìgbà mìíràn, ológbò tàbí ajá ni. Níbẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín, kó ní òun mọ̀ pé wọn kì í ṣe ènìyàn gidi. Ẹbí á gbọ́ èyí, wọ́n á parí èrò sí pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àmì yìí ń fi hàn ni pé kẹ́míkà kan nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ acetylcholine ti dín kù gan-an, ó sì máa ń dín kù níbí ju bó ṣe ń dín kù nínú Alzheimer lọ. Oògùn bíi rivastigmine àti donepezil ń gbé kẹ́míkà yìí ró, ìwádìí sì ti fi hàn pé àwọn tó ń rí ohun tí kò sí ni ara wọn máa ń dáhùn sí rivastigmine jù ní ti ìfọkànsí. Nítorí náà, àmì tó bani lẹ́rù yìí tún ń sọ pé oògùn kan wà tó ṣeé ṣe kó ran ẹni náà lọ́wọ́.

Ibi tí ewu wà ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹbí bá sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ àrùn yìí, oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí orí wọn dàrú, bíi haloperidol, ló máa kọ́kọ́ wá sọ́wọ́. Ní 1992, Ian McKeith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Newcastle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn pé nǹkan bí ìdajì àwọn aláìsàn Lewy tí wọ́n lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni ara wọn kọ̀ ọ́ kíkankíkan: ara gan pa, oorun kùn wọ́n, wọn ò lè jẹ, wọn ò lè mu. Ikú láàárín àwọn wọ̀nyẹn sì fi ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju ti àwọn tó kù lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn tó ń rí nǹkan kì í pẹ́ láyé, ẹ bi í pé oògùn wo ni wọ́n fún wọn.

Mi ò ní kí ẹ fojú kéré rẹ̀ o. Bí ìran náà bá ń pọ̀ sí i, tí ẹni náà wá gbà pé ìyàwó òun kì í ṣe ìyàwó òun mọ́, pé arúmọjẹ kan ló gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀, àárẹ̀ á mú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì tètè máa wá ilé ìtọ́jú tí wọ́n lè gbé e sí. Ìyẹn kì í ṣe ikú, ṣùgbọ́n ó ń yí ìgbésí ayé ilé padà.

Ní ti ìrònú tó ń lọ sókè sódò, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kúrú: ẹ má fi ọjọ́ kan díwọ̀n àrùn yìí. Ní àárọ̀ Tuesday, ó lè jókòó sórí àga kó tẹjú mọ́ ògiri fún wákàtí méjì, kó má mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ní Wednesday, òun ni yóò máa tún ìṣirò owó ṣe fún yín. Ẹbí kan á ní ó ń díbọ́n. Òmíràn á ní ó ti ń lọ sílé. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́. Oṣù ni kí ẹ fi wé oṣù. Ṣùgbọ́n bí ìrònú rẹ̀ bá já wálẹ̀ lójijì tí kò sì padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ má rò pé àrùn ló ń sáré. Ẹ kọ́kọ́ wá àkóràn nínú ìtọ̀, oògùn tuntun, ìgbẹ́ tó dí, tàbí àìmu omi tó. Ìwọ̀nyí ṣeé tọ́jú.

Àwọn àmì tí a kì í kà sí

Ká sọ tòótọ́, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Bàbá kan dìde lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó di etí tábìlì mú, ó dúró díẹ̀, ó tẹ̀ síwájú. "Kò sí nǹkan kan," ló wí. Ọmọ rẹ̀ gbà á gbọ́, torí kò ṣubú. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ ìgbàgbé ni wọ́n sọ, wọ́n sì sọ ti àwọn ọmọ orí àga. Kò sẹ́ni tó rántí sọ ti òòyì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀ nígbà tó dìde. Wíwọ̀n rẹ̀ kò le: wọ́n á wọn ìfúnpá lẹ́yìn tó ti dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú 3 tó dìde dúró. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ já wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 já, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ìwádìí kékeré kan láti Sweden, tó jáde ní 2012, rí i pé àwọn aláìsàn Lewy tí ìfúnpá wọn ń já báyìí léraléra kì í sábà pẹ́ tó àwọn tí tiwọn kò já. Àwọn tí ìgbẹ́ líle tàbí àìlèdá ìtọ̀ dúró wá bá a rìn ni tiwọn burú jù. Ìwádìí kékeré ni, mi ò ní fi í búra, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí ojú ń rí mu: ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ń já ń ṣubú, ẹni tó ṣubú ń fi egungun ìbàdí ṣẹ́, ẹni tó fi egungun ìbàdí ṣẹ́ ń dùbúlẹ̀ pẹ́, ibi ìdùbúlẹ̀ sì ni òtútù àyà ti ń mú ènìyàn.

Òun àti ìṣòro gbígbé nǹkan mì jọ ń lọ ni. Bí aláìsàn bá ń húkọ́ gbogbo ìgbà tó bá mu omi, tàbí tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, oúnjẹ ti ń gba ọ̀nà èémí lọ nìyẹn. Òtútù àyà tó ń tibẹ̀ wá wà lára ohun tó sábà máa ń pa àwọn tó ní àrùn yìí. Àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé oúnjẹ mì wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ẹ béèrè wọn kó tó pẹ́. Ní ti ìfúnpá, kí ó rọra dìde, kí ó jókòó sí etí ibùsùn ná, kí ó máa mu omi dáadáa, kí dókítà sì tún yẹ gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò wò, torí èyí tó ṣe é lóore ní ọdún 5 sẹ́yìn lè máa gbé e ṣubú báyìí.

Bí ìgbàgbé bá ló ṣáájú ńkọ́?

Ẹ fún ẹni tó ní Lewy body tí kò ní ohun mìíràn mọ́ ọn ní ìwé, ẹ ní kó ya aago tó ń sọ aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó lè dárúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún yín bó ṣe ń yà á lọ, síbẹ̀ gbogbo nọ́ńbà á kó sí apá ọ̀tún, ọwọ́ aago á sì wà níta. Iyè ṣì wà níbẹ̀, ojú àti ìwọ̀n ló ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò ìgbàgbé lásán fi máa ń tàn wá jẹ: á gba máàkì tó dára, a ó sì ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é.

Bó bá wá jẹ́ pé ìgbàgbé gidi ló kọ́kọ́ yọ, tó ń bi ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, tí kò sì rántí kódà bí ẹ bá ta á lólobó, ó ṣeé ṣe kí Alzheimer ti dà pọ̀ mọ́ Lewy. Àìsàn méjì nínú ọpọlọ kan kì í ṣe ohun àrà: nígbà tí wọ́n bá yẹ ọpọlọ wò lẹ́yìn ikú, ó lé ní ìdajì àwọn tó ní dìmẹ́ńṣíà Lewy body tí wọ́n ń bá àpá Alzheimer lọ́pọlọ wọn. Àwọn tí méjèèjì pọ̀ lára wọn sábà máa ń yára lọ sílẹ̀ ju àwọn tí Lewy nìkan ń bá jà lọ, wọn kì í sì í sábà pẹ́ tó wọn. Nínú gbogbo àmì ti ìrònú, ẹyọ kan yìí ni mo lè sọ pé ó ń sọ nǹkan nípa gígùn ọ̀nà. Ó sì jẹ́ èyí tí ẹbí ń rò pé ó wọ́pọ̀ jù, tí kò sì dẹ́rù bà wọ́n rárá: "Àgbà ló dé, ó kàn ń ṣarán ni."

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò sí èyí tó ṣe wọ́n nínú gbogbo èyí tí mo ti kà níbẹ̀rẹ̀. Ìlànà kan tó jáde ní 2020 fún ìwádìí lórí ìbẹ̀rẹ̀ àrùn yìí dárúkọ ẹnu ọ̀nà mẹ́ta: ìrònú tó rọra ń yingin, orí tó dàrú lójijì, bóyá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí ibà, tó sì pẹ́ kó tó padà, àti ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí ìfura líle tó kọ́kọ́ yọ lọ́jọ́ ogbó, lára ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣe rí. Ìgbà tí Robin Williams, òṣèré Amẹ́ríkà nì, kú ní 2014, Parkinson nìkan ni orúkọ tí wọ́n ti fún àìsàn rẹ̀. Àyẹ̀wò òkú ló fi hàn pé Lewy body ti gba ọpọlọ rẹ̀ kan. Ìyàwó rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ìgbẹ́ líle, àìrí oorun sùn, imú tí kò gbóòórùn dáadáa àti àníyàn ni wọ́n ti ń bá yí tipẹ́, tí wọ́n sì ń tọ́jú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà ńkọ́?

Èyí tí ẹ máa rí jù ni pé, láti ọjọ́ tí dókítà ti dárúkọ rẹ̀, ènìyàn sábà máa ń lo ọdún 5 sí 8, àti pé ó lè jẹ́ 2, ó sì lè tó 20. Bí wọ́n bá fi wé Alzheimer, ti Lewy máa ń kúrú díẹ̀ tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń kà á? Ẹni tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà tirẹ̀ láti ìgbà tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ lójú oorun á dà bí ẹni tó pẹ́. Ẹni tí wọ́n pè ní aláìsàn Alzheimer fún ọdún 3 kí wọ́n tó rí i pé Lewy ni, á dà bí ẹni tí kò pẹ́. Àrùn kan náà ni o. Ẹni ọdún 84 tó tún ní àìsàn ọkàn kò sì lè bá ẹni ọdún 66 tí ara rẹ̀ le pín nọ́ńbà kan náà.

Dípò "ọdún mélòó ló kù", àwọn ìbéèrè tí mo rò pé dókítà lè dáhùn dáadáa rèé: ṣé ẹ ti wọn ìfúnpá rẹ̀ lórí ìdúró? Ṣé ó jọ pé Alzheimer wà níbẹ̀ pẹ̀lú? Ṣé ó ń gbé oúnjẹ mì dáadáa? Nínú oògùn tó ń lò báyìí, pẹ̀lú èyí tí a rà fúnra wa fún ikọ́, àìrí oorun sùn tàbí ìtọ̀, èwo ni kò yẹ kó máa lò? Irú èyí tó ní diphenhydramine tàbí oxybutynin nínú kì í jẹ́ kí acetylcholine yẹn kan náà ráyè ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ àti oṣù tí àmì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ yọ sílẹ̀, títí kan ti oorun, ti imú àti ti ìgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ọdún 15 sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ káàdì kékeré kan sínú àpò aláìsàn: orúkọ àrùn náà, orúkọ oògùn tó ń lò, àti pé kí wọ́n má fún un ní haloperidol. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n rí lè kà á lóru, nígbà tí kò bá sí ẹbí nítòsí.